Owó wà fún aláìsàn, ìwé ló ń mú un jáde: bá a ṣe ń wá ìrànwọ́ ọsibítù láti Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aláìsàn nílé báyìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tán. Nígbà tí dókítà sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé ihò wà nínú ọkàn ọmọ ẹ̀, ọmọ ọdún 6, pé iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè tún un ṣe, ká ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ìjẹ̀dẹ̀, owó ẹ̀ ò lè tó ìdajì iye tí wọ́n pè. Ẹ̀gbọ́n mi ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Sábó, ọkọ ẹ̀ ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Agric, ẹ ti mọ bí nǹkan ṣe rí. A sunkún, a gbààwẹ̀, a pe ìpàdé ẹbí, owó tá a rí níbi ìpàdé ọ̀hún, àyẹ̀wò lásán ló gbé e lọ. Oṣù 4 la fi sáré kiri ká tó mọ̀ pé àwọn tó ń fi owó ṣàánú aláìsàn wà lóòótọ́, wọ́n tiẹ̀ ń wá ẹni tí wọ́n máa fún, àmọ́ ìwé ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ekún. Ìwé tiwa ò pé. Ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí nìyẹn, kí oṣù 4 ẹlòmíì má baà ṣòfò bíi tiwa.

Kí n tó sọ̀rọ̀ owó rárá, tó bá jẹ́ pàjáwìrì ni, ẹ má dúró wá owó o. Jàǹbá ọkọ̀ lójú títì Ìkòròdú, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lára aláboyún, ọmọ tí gìrì mú, òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní 2014 sọ ọ́ gbangba pé ọsibítù kankan, ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o, kò gbọdọ̀ kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ìdí kankan. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì lè fún un ní méjèèjì. Ẹni tí ìbọn bà náà, òfin ti 2017 ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ ná, ìwé ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ dá a dúró. Ẹ rọra sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, láìbínú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ̀ ọ́n.

Àwọn àìsàn kan sì wà tẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ máa tọrọ owó fún torí ọ̀fẹ́ ni. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní TB, àyẹ̀wò ẹ̀ àti oògùn ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni ní ọsibítù ìjọba, oògùn HIV náà bẹ́ẹ̀, oògùn ẹ̀tẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2024 ìjọba àpapọ̀ kéde pé aláboyún tí kò lówó, tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì ló máa fi bímọ, kò ní sanwó iṣẹ́ abẹ yẹn, ẹ béèrè rẹ̀ ní ọsibítù kẹ́ ẹ tó ta nǹkan yín. Àwọn tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu náà, ní 2025 ìjọba àpapọ̀ já owó fífọ ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 lẹ́ẹ̀kan ní àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti FMC Ẹbúté Mẹ́ta sì wà lára wọn. Ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ ṣírò iye tó máa dá dúró lọ́wọ́ ẹ̀ lóṣù.

Ìlera Èkó ńkọ́? Ìbánigbófò ìlera ti ìpínlẹ̀ wa nìyẹn, LASHMA ló ń darí ẹ̀, òfin tó gbé e kalẹ̀ ti wà láti 2015, ní 2024 Gómìnà Sanwó-Olú sì fọwọ́ sí àṣẹ pé kí gbogbo ará Èkó ní ìbánigbófò. Owó kan wà tí ìjọba yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí agbára wọn ò ká a, kí wọ́n lè wọlé láìsanwó. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ara yín ṣì le. Kò ní san gbogbo nǹkan, iṣẹ́ abẹ ọkàn àti jẹjẹrẹ tóbi jù fún un, àmọ́ ó máa gba ti ibà, ti ìbímọ, ti ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò lọ́rùn yín, kí ìwọ̀nba tẹ́ ẹ ní lè dúró de ńlá.

Ó wá kan èyí tó tóbi gan-an, tó jẹ́ pé àfi kí aláàánú dá sí i.

Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ kì í ṣe àjọ kankan, kì í ṣe rédíò, kì í ṣe Facebook. Inú ọsibítù níbẹ̀ ni. Ẹ béèrè ọ́fíìsì Medical Social Services, àwọn nọ́ọ̀sì máa ń pè é ní sóṣà wẹ́fíà. LUTH ní i, LASUTH ní Ìkẹjà ní i, ẹ béèrè ẹ̀ ní Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú náà. Àwa ò mọ̀. Oṣù 2 la fi ń gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó, a rò pé ibi tí wọ́n ti ń gba ọmọ tí ìyá ẹ̀ sá lọ ni. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ̀ bóyá ẹ lágbára àbí ẹ ò ní, kí wọ́n bá yín bá ọsibítù sọ̀rọ̀ pé kó dín bíìlì kù tàbí kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì mọ àjọ tó ń sanwó irú àìsàn tiyín. Lẹ́tà tó bá ti ọwọ́ wọn jáde wúwo ju èyí tẹ́ ẹ dá kọ lọ.

Lọ́jọ́ tá a wọlé, màmá kan tó ti tó ẹni 50 ọdún ló jókòó síbẹ̀, jígí ẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú, kò tiẹ̀ béèrè àìsàn. Ó ní, “Ìyá ọmọ, ta ló ń san owó ilé? Yàrá mélòó? Kí lẹ sè láàárọ̀ yìí kẹ́ ẹ tó jáde?” Ẹ̀gbọ́n mi ní gààrí ni àwọn mu. Màmá náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó béèrè iye ọmọ, béèrè gbèsè kọ̀pẹ́ẹ̀rétì, béèrè bóyá ẹnì kankan wà ní ìlú òyìnbó. Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi, ó fẹ́ máa bu iyì sí ọ̀rọ̀ ara ẹ̀, ó fẹ́ sọ pé ọjà ń tà. Mo fẹsẹ̀ tẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ẹ jọ̀ọ́, níbẹ̀ yẹn ẹ má fi nǹkan pamọ́, ẹ má sì fi irọ́ kún un torí wọ́n lè wá wo ilé yín, wọ́n wá wo tiwa. Tẹ́ ẹ bá ní ilẹ̀, ẹ sọ pé ẹ nílẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ìdí tí kò fi ṣeé tà kíákíá.

Ọ̀rọ̀ fáìlì ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣubú. Ẹ ra fáìlì onírọ́bà kan tí omi ò lè wọ̀, gbogbo ìwé inú ẹ̀ kẹ́ ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀ bíi márùn-ún, ojúlówó ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín. Rìpọ́ọ̀tì dókítà ló ṣáájú, ó gbọ́dọ̀ wà lórí bébà tó ní orúkọ ọsibítù, kí orúkọ àìsàn wà níbẹ̀, kí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i wà níbẹ̀, kí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ wà níbẹ̀, kí dókítà fọwọ́ sí i kó sì lu òǹtẹ̀. Tó bá ti pẹ́ bí oṣù mélòó kan, ẹ lọ gba òmíràn, ẹni tó fẹ́ sanwó fẹ́ mọ bí ara aláìsàn ṣe rí lónìí. Lẹ́yìn ìyẹn, bíìlì tó ṣàlàyé owó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ abẹ iye báyìí, bẹ́ẹ̀dì iye báyìí, oògùn iye báyìí, kí akáǹtì ọsibítù fúnra ẹ̀ wà nísàlẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ akáǹtì yìí torí ohun tí ojú wa rí. Níbi tá a kọ́kọ́ lọ, akọ̀wé kan kọ nọ́mbà akáǹtì ara ẹ̀ sórí bíìlì fún wa, ó ní ọ̀nà yẹn yá jù, a ò mọ nǹkan kan, a fi ránṣẹ́ sí àjọ méjì bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó dá wa lóhùn nínú méjèèjì. Ẹnì kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà pé àjọ gidi kì í sanwó sí akáǹtì èèyàn, ọsibítù ni wọ́n ń san án fún tààrà.

Ẹ fi NIN aláìsàn àti ti òbí sí i, nọ́mbà káàdì ọsibítù, fótò kan tí ojú ọmọ hàn dáadáa pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn (ẹ má ya ọmọ ní ìhòòhò káàkiri, ó máa dàgbà lọ́jọ́ kan), àti risíìtì gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti san. Risíìtì yẹn ṣe pàtàkì gan-an o, ó ń fi hàn pé ẹ ti gbìyànjú.

Lẹ́tà wá kù. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tá a kọ jẹ́ ojú ìwé 3, ìtàn ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, àdúrà pọ̀ níbẹ̀, iye owó tá a fẹ́ ò sí níbẹ̀ rárá. Màmá sóṣà wẹ́fíà yẹn fa gègé jáde ó wọ́ ọ nù, ó ní kó má ju ojú ìwé kan lọ, kó sì lọ báyìí: “Èmi ni ìyá ọmọ ọdún 6 tí nọ́mbà káàdì ẹ̀ jẹ́ báyìí. Ihò wà nínú ọkàn ẹ̀, rìpọ́ọ̀tì dókítà wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Gbogbo owó iṣẹ́ abẹ jẹ́ iye báyìí. A ti rí iye báyìí lọ́dọ̀ ẹbí àti ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja, risíìtì ẹ̀ nìyí. Ó ku iye báyìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa san án sí akáǹtì ọsibítù tó wà lórí bíìlì.” Ó tán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ iléèwé bá yín tẹ̀ ẹ́ lédè òyìnbó, àmọ́ ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pè é fún un.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ sí, torí àjọ kọ̀ọ̀kan ló ní àìsàn tó dojú kọ. Ti ọkàn, Kanu Heart Foundation wà, Nwankwo Kanu agbábọ́ọ̀lù ló dá a sílẹ̀ ní 2000, ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún òun náà ní 1996, àwọn ọmọdé tí kò lówó ló ń bá wá ọ̀nà. Ọmọ tí wọ́n bí tí ètè ẹ̀ tàbí àjà ẹnu ẹ̀ pín sí méjì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó béèrè Smile Train, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é ní àwọn ọsibítù tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ pọ̀, LUTH wà lára wọn. Àwọn tó ní sickle cell, Sickle Cell Foundation Nigeria wà ní Ìdí-Àràbà, ọ̀kánkán LUTH ló wà, láti 1994 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmọdé, ẹ béèrè Dorcas Cancer Foundation tàbí Children Living With Cancer Foundation, ìlú Èkó níbí ni méjèèjì wà. Jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti bàbá tí wọ́n ń pè ní prostate, ìjọba àpapọ̀ ní Cancer Health Fund fún àwọn aláìní, dókítà jẹjẹrẹ yín ló máa sọ ọsibítù tó ń gba orúkọ. Fún Mùsùlùmí, Zakat and Sadaqat Foundation máa ń san owó ìtọ́jú, sàká sì ní ẹ̀tọ́ tiẹ̀ fún tálákà àti onígbèsè nínú Kùránì, kì í ṣe ohun ìtìjú láti béèrè ẹ̀. Ẹ sọ fún ìmáàmù yín, ẹ sọ fún pásítọ̀ yín, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn, ká tiẹ̀ ní wọn ò lówó, lẹ́tà wọn á wúlò nínú fáìlì.

Ẹ lè kọ̀wé sí ibi mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, kò burú, àmọ́ kẹ́ ẹ sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pé ẹ ti kọ̀wé sí àwọn yòókù. Àjọ méjì lè bá ara wọn pín in san. Tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ tí wọ́n bá pàdé ara wọn, gbogbo wọn ló máa fà sẹ́yìn.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì: GoFundMe, ibi tí wọ́n ti ń tọrọ owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sanwó sí báńkì Nàìjíríà, torí náà àfi kí mọ̀lẹ́bí tó ń gbé ní Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba bá yín ṣí i lórúkọ ara ẹ̀, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ bóun ṣe máa gbé owó náà dé ọsibítù. Kó jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ ìyá ẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá ń lo WhatsApp nílé, ẹ gbé bíìlì tó ní akáǹtì ọsibítù sókè, kì í ṣe akáǹtì tiyín, ẹ ó rí i pé àwọn èèyàn á fọkàn balẹ̀ fún yín.

Àwọn ońjìbìtì sì pọ̀. Ọkùnrin kan wá bá ẹ̀gbọ́n mi nílé, ó ní òun ni aṣojú àjọ kan, kó san ₦15,000 owó fọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n mi yá a lọ́wọ́ ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ ẹ̀, ó san án. A ò rí ọkùnrin náà mọ́, gbèsè yẹn ló sì kọ́kọ́ san lẹ́yìn tí ọmọ kúrò ní ọsibítù. Àjọ aláàánú kì í ta fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ti ní kẹ́ ẹ mówó wá kẹ́ ẹ tó gbowó, ẹ bá tiyín lọ.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tẹ́ ẹ fẹ́ wá owó fún wọ́ọ̀dù kan tàbí fún ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò, ọ̀nà tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Àjọ ńlá kì í fún ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé lówó. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, ìyẹn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe torí èrè, lábẹ́ òfin CAMA 2020, ẹ máa kéde ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, wọ́n á fún aráàlú ní ọjọ́ 28 láti takò ó bó bá yẹ, lẹ́yìn náà ẹ lọ SCUML, ẹ̀ka tó wà lábẹ́ EFCC tó ń ṣọ́ kí wọ́n má fi ẹgbẹ́ bo owó jìbìtì mọ́lẹ̀, fún ìwé tiwọn, báńkì máa béèrè ẹ̀. Kí ẹni tó ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì tó méjì ó kéré tán, kí wọ́n má sì jẹ́ tọkọtaya. Tó bá jẹ́ ọsibítù jẹ́nẹ́rà, ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ Health Service Commission ìpínlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tọrọ nǹkan kan lórúkọ ẹ̀, ọ̀gá ọsibítù ló máa júwe ọ̀nà. MTN Foundation tó ti wà láti 2004 àti TY Danjuma Foundation máa ń ná owó lórí ìlera, ẹ máa wo ìgbà tí wọ́n bá ní kí ẹgbẹ́ mú ìwé wá.

Nínú pùrópósà yín, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ fi ń tọrọ owó, ẹ má kọ ẹ̀rọ nìkan. Mo ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé móoru, tí wọ́n kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì lé lórí torí wáyà kan ló já, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe, iná náà ò sì dúró. Ẹ kọ owó ínfátà síbẹ̀, owó ẹni tó máa tún un ṣe fún ọdún méjì, owó kíkọ́ nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó máa jẹ́ kí owó pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ aláàánú tó ti ṣiṣẹ́ yìí pẹ́ á mọ̀ pé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe. Fún ilé ìwòsàn kékeré bíi ti Ìmọ̀ta tàbí Ìgbógbó, ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù àdúgbò yín (kì í ṣe wọ́ọ̀dù ọsibítù) nípa BHCPF, owó tí òfin 2014 yẹn ní kí wọ́n máa yọ nínú àpò ìjọba àpapọ̀, ó kéré tán 1 nínú 100, fún ìtọ́jú ìlera àkọ́kọ́. Ìgbìmọ̀ yín ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n ná an lé.

Ti ìwádìí, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. TETFund ń fún àwọn olùkọ́ iléèwé gíga ìjọba lówó ìwádìí, torí náà dókítà tó wà ní Ìkòròdú tó ní ìbéèrè tó fẹ́ wádìí, kó wá olùkọ́ kan ní LASU tàbí UNILAG tí wọ́n á jọ kọ ọ́. Wellcome ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti wà láti 1936, máa ń fún àwọn olùwádìí Áfíríkà lówó, àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí kékeré, kí ẹ ní iṣẹ́ kan tẹ́ ẹ lè nawọ́ sí. Àmọ́ ìwé ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn, tí wọ́n ń pè ní ethics, gbọ́dọ̀ wà kẹ́ ẹ tó fi abẹ́rẹ́ kan ẹnikẹ́ni. A ò tíì gbàgbé Kano ní 1996, níbi tí Pfizer ti fi oògùn Trovan dán àwọn ọmọ tó ní yírùnyírùn wò, tí àwọn òbí ní wọn ò ṣàlàyé fún àwọn, tí ẹjọ́ ẹ̀ fà títí di 2009 kí wọ́n tó bá ìjọba Kano parí ẹ̀ sí $75 mílíọ̀nù. Ẹ ṣàlàyé ìwádìí yín fún màmá ẹlẹ́ja lédè tó gbọ́, ẹ jẹ́ kó bi yín ní ìbéèrè, kó sì mọ̀ pé tó bá kọ̀, ìtọ́jú ẹ̀ ò ní yí padà.

Nígbà tí fáìlì wa pé, lẹ́tà tuntun àti akáǹtì ọsibítù, ọ̀sẹ̀ 5 ni ìdáhùn fi dé. Àjọ kan san èyí tó pọ̀ jù, ọsibítù dín díẹ̀, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja san tiwọn. Kò tán síbẹ̀ o. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n dá ọmọ sílẹ̀, ẹ gba risíìtì ọsibítù, ẹ ya fótò ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó dá sí i, tó fi mọ́ ẹni tó mú ₦500 wá, kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kúkúrú sí i. Àwọn àjọ máa ń to risíìtì wọ̀nyẹn jọ láti fi wá owó aláìsàn mìíràn. Tí owó bá sì ṣẹ́kù sí akáǹtì ọsibítù, ẹ má fọwọ́ kàn án láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó san án. Tiwa ṣẹ́kù díẹ̀, àjọ yẹn ní ká fi sílẹ̀ fún ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé ti ọmọ wa, ìyá ẹ̀ ti Ẹ̀pẹ́ wá, kò tíì rí owó ẹ̀jẹ̀ san. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí ìwé ẹ̀ lọ́dọ̀ màmá sóṣà wẹ́fíà, wọ́n fún un ní risíìtì tiẹ̀ lọ́tọ̀, mo ya fótò ẹ̀ níbẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí àjọ náà kí a tó wọ BRT padà sílé.